Ẹ̀bi Ilẹ̀kùn Sáfà Kì í Ṣe Ti Arábìnrin Latifah

Ilé 16, Mallow Bank Close,
Thamesmead,
London.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Àwọn Ọmọ Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ẹgbẹ́ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ Mùsùlùmí Etí-Odò,
Gbọ̀ngán Ìrun,
Thamesmead West,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KẸRIN: KÍ Ẹ WỌ́GI LÉ ÌDÁJỌ́ TÍ Ẹ ṢE FÚN ARÁBÌNRIN LATIFAH AKÍNLÀBÍ, KÍ Ẹ SÌ KỌ Ẹ̀BI NÁÀ SÍ ORÚKỌ MI

1. Mo kí yín pẹ̀lú àlàáfíà àti ọ̀wọ̀ tó yẹ ipò yín. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ni Alhaji Ṣàmsúdéènì Odùkálẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí mo ti ń tọ́jú ìwé orúkọ ìsìnkú ẹgbẹ́ yìí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Lẹ́tà kẹrin rèé tí mo ń kọ sí yín lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò rí èsì tí a lè pè ní èsì. Àwọn tísà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n kọ́ mi níwèé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé ọmọ Mùsùlùmí ni mí, kọ́ mi pé bí ẹjọ́ bá gùn, kí n tò ó ní nọ́ńbà, kí ẹni tó ń kà á má baà rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi tò ó báyìí.

2. Iṣẹ́ kan ni ó wà nínú ewu, àti orúkọ rere ọmọ ọlọ́mọ. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gba Arábìnrin Latifah láti máa ṣọ́ ààbò àwọn kọ̀m̀pútà wọn. Wọ́n bèèrè ìwé ìjẹ́rìí lọ́wọ́ yín. Ní ogúnjọ́ oṣù tó kọjá, ẹ kọ̀wé sí wọn pé òun ni ó fi ilẹ̀kùn sáfà, ìyẹn kọ̀m̀pútà ẹgbẹ́ wa, sílẹ̀ ní ṣíṣí, tí àwọn olè fi wọlé. Wọ́n dá àyè náà dúró. Wọ́n fún un di ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, láti mú àlàyé wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

3. Ẹ mọ Latifah, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ kọ kò jọ ìwé ẹni tó mọ̀ ọ́n. Láti Ìbàdàn ni ó ti wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Ní àárọ̀, ó ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé dé ilé ní Thamesmead yìí, ó ń wẹ àwọn tí wọn kò lè wẹ ara wọn mọ́, ó ń bọ́ wọn lóúnjẹ. Bí ó bá parí, ó ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀m̀pútà. Ọdún méjì gbáko ni ó fi tọ́jú sáfà wa láìgba ohunkóhun.

4. Nínú ìpàdé yín, ọ̀pọ̀ nínú yín sọ pé ọ̀rọ̀ kọ̀m̀pútà kò yé yín. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé kì í dá ẹjọ́ rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ti dá a, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe yé èmi náà, nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Sáfà ni kọ̀m̀pútà kékeré tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn pẹpẹ bàtà. Òun ni ó gbé ojú-òpó wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wo àkókò ìrun àti ìkéde òkú. Òun náà ni ó ń pa ìwé ìsìnkú mọ́: orúkọ olúkúlùkù, àdírẹ́sì rẹ̀, ẹni tí a óò pè bí ó bá kú, àti nọ́ńbà sàréè rẹ̀. Sáfà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní pọ́ọ̀tù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Fáyàwọ́ọ̀lù ni ògiri tó yí wọn ká, tó ń sọ èyí tí yóò ṣí, èyí tí yóò wà ní títì, àti ẹni tí a óò ṣí i fún.

5. Ẹ wo gbọ̀ngán wa. Ilẹ̀kùn ńlá iwájú wà fún gbogbo olùjọsìn. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ wọ yàrá tí a ti ń wẹ òkú, àwọn tó ń wẹ òkú nìkan ni wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó sọ rí pé nítorí pé ilé Ọlọ́run ni, kí a ṣí yàrá yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọjá lọ sí àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Latifah ṣe ń tọ́jú sáfà. Yóò kọ́kọ́ ti gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò ṣí kìkì èyí tó ní iṣẹ́ láti ṣe, fún kìkì ẹni tó ní iṣẹ́ níbẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù: ilẹ̀kùn ojú-òpó, fún gbogbo ayé; ilẹ̀kùn àbójútó, fún òun àti Faiz tó ń ràn án lọ́wọ́ nìkan, láti ojú ọ̀nà abẹ́lẹ̀, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tí a mọ̀ nìkan lè gbà; gbogbo ìyókù, ní títì. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Súhúrì ọ̀sán, yóò lọ jókòó sílé rẹ̀, yóò sì yẹ ògiri náà wò láti ìta bí àlejò, kí ó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn kan ti ṣí láìmọ̀.

6. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ, mo rìnrìn àjò lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó lọ wo àbúrò mi obìnrin tó ń ṣàìsàn. Mo fẹ́ máa kọ ìwé ìsìnkú láti ọ̀hún. Kí n tó lọ, Latifah ti la ọ̀nà abẹ́lẹ̀ tèmi fún mi, èyí tí nọ́ńbà kan yóò máa wá sórí fóònù mi kí n tó lè wọlé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo pààrọ̀ káàdì fóònù, nọ́ńbà náà kò sì wá mọ́. Ó ní kí a jókòó sórí fóònù fún ìdajì wákàtí, òun yóò tún un ṣe. N kò ní sùúrù ìdajì wákàtí. Ní ọjọ́ kọkànlá, mo ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn tí ènìyàn fi ń wo ojú kọ̀m̀pútà láti òkèèrè fún mi ní tààràtà, láìsí ọ̀nà abẹ́lẹ̀ kankan. Èsì tó kọ sí mi wà lọ́wọ́ mi: “Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Tí mo bá ṣí ìyẹn fún yín, gbogbo ayé ni mo ṣí i fún.” Mo dá a lóhùn pé: “Latifah, ṣé èmi ni olè ni?” Ó kọ̀wé padà: “Rárá o, Daddy. Ṣùgbọ́n olè máa gba ibẹ̀ tẹ̀lé yín wọlé.”

7. Mo ka ọ̀rọ̀ yẹn sí àfojúdi. Mo pe Alága, Alhaji Mùjídì, mo sọ fún wọn pé ọmọ tí àbíkẹ́yìn mi jù lọ́jọ́ orí ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹrìnlá, Alága pàṣẹ fún Faiz kí ó ṣí i. Ọkọ̀ ni Faiz ń wà jẹun, ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì, ìwọ̀nba tó mọ̀ nípa sáfà, Latifah ló kọ́ ọ. Kò lè kọ̀ fún àgbà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ̀wé sí mi: “Daddy, ó ti ṣí. Ṣùgbọ́n Auntie Latifah máa pa mí.” Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà.

8. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, Latifah yẹ ògiri wò bí ó ti máa ń ṣe. Ó rí ilẹ̀kùn náà, ó tì í, ó sì kọ̀wé sí Alága ní ọjọ́ náà gan-an láti sọ ewu rẹ̀. Ìwé yẹn wà nínú fáìlì yín. Mo tún fi ẹjọ́ sùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ojú ń tì mí láti tún kọ síbí. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, Alága gba kọ́kọ́rọ́ àbójútó lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo yín ni ẹ gba iṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù: “Ẹ jẹ́ kí Daddy ṣiṣẹ́ wọn ní ìrọ̀rùn. Tí wọ́n bá ti dé, Latifah lè gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà.” Faiz tún ilẹ̀kùn náà ṣí. Láti ọjọ́ yẹn títí di ọjọ́ tí olè wọlé jẹ́ ogójì ọjọ́. Nínú gbogbo ogójì ọjọ́ náà, Latifah kò ní agbára láti ti ilẹ̀kùn kankan lórí sáfà yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

9. N kò gbọdọ̀ fi ti ọ̀rọ̀ ìwọlé pamọ́. Orúkọ tí mo fi ń wọlé ni “alhaji”. Latifah ti fún mi ní ọ̀rọ̀ ìwọlé gígùn kan. Mo ní kí Faiz pààrọ̀ rẹ̀ sí orúkọ mi àti ọdún tí wọ́n bí mi, nítorí pé ìyẹn ni mo lè rántí.

10. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, láàárín Súhúrì sí Àsárì, wọ́n wọlé. Wọ́n kó ìwé ìsìnkú, wọ́n sì ti í mọ́ wa lójú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ń lo bébà àti àgbọ́sọ láti mọ ẹni tí a óò pè bí ẹnìkan bá kú. Ohun tó dùn mí jù ni ti Màmá Fàósátù, opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń gbé nítòsí Plumstead Common. Ọkùnrin kan pè wọ́n lórí fóònù. Ó mọ orúkọ olóògbé ọkọ wọn, ó mọ nọ́ńbà sàréè rẹ̀. Ó ní a ti fi ààyè tí wọ́n pa mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn fún ẹlòmíràn, pé bí wọ́n bá fẹ́ gbà á padà, kí wọ́n ka nọ́ńbà káàdì báńkì wọn. Wọn kò kà á. Ṣùgbọ́n wọ́n wọ bọ́ọ̀sì méjì wá sí gbọ̀ngán láti bi mí bóyá ààyè náà ṣì jẹ́ tiwọn. Mo fi ìwé hàn wọ́n. Títí di ìsinsìnyí, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń tún un bi mí.

11. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, ẹ pe Latifah síwájú ìgbìmọ̀. Èmi kò tíì dé. Nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ bi í léèrè ẹni tó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn náà. Ó dáhùn pé: “Àgbà kan ni. Mi ò lè dárúkọ wọn níbí.” Ẹ ka ìtẹríba rẹ̀ sí ìjẹ́wọ́. Alága tí iṣẹ́ Wásáàpù wọn wà lórí fóònù gbogbo yín jókòó sórí àga, wọn kò sọ̀rọ̀. Ẹ kò pe Faiz rárá.

12. Mo dé ní ọjọ́ kẹjọ. Ní ọjọ́ kẹwàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ẹ ka ìdájọ́ náà sétí gbogbo ènìyàn, pé Latifah ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí, pé ẹ sì ti yọ ọ́ kúrò nídìí sáfà. Ìlà iwájú ni mo jókòó sí. N kò tíì so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara mi. Mo gbà tọkàntọkàn pé ilẹ̀kùn tí èmi nìkan ń gbà wọlé, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ àwọn aláìbìkítà, mo sì ṣe àmín sókè ketekete. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ọ̀nà láti gba àmín yẹn padà.

13. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, Ìyáàfin Juliana, onímọ̀ kọ̀m̀pútà tí ẹ̀yin tìkára yín pè láti wádìí bí olè ṣe wọlé, fi ìròyìn rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Kò ju ojú ìwé kan lọ. Ó ní ilẹ̀kùn ìwòran láti òkèèrè ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ó ní àwọn olè gbìyànjú orúkọ lóríṣiríṣi títí “alhaji” fi ṣí fún wọn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ Faiz ni a fi ṣí i, pé kọ́kọ́rọ́ Latifah kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Latifah. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní: “Daddy, ẹ fi í sílẹ̀. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n.” Mo sọ fún un pé mímọ̀ tí Ọlọ́run mọ̀ ọ́n kò gbà mí lọ́wọ́ sísọ ọ́ fún ènìyàn.

14. Mo sì sọ ọ́. Mo kọ lẹ́tà kìíní ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Alága pè mí lórí fóònù, wọ́n bi mí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru mi, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ kọ ìwé tó ba Latifah jẹ́. Mo kọ ìkejì ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Méjì nínú yín gbé èso wá kí mi nílé, wọ́n sì sọ fún mi pé: “Daddy, ẹ ti dàgbà kọjá irú èyí. Orúkọ yín kò ní wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láéláé.” Mo kọ ìkẹta ní ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí. Ìlà kan péré ni àkọsílẹ̀ ìpàdé yín fi dá a lóhùn: “Wọ́n ka lẹ́tà Alhaji, wọ́n sì tọrọ ẹ̀mí gígùn fún wọn.”

15. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọ̀wọ̀ yín ti sú mi. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. A máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ mi gan-an ló wọ́ ọ. Ẹ wá ń bò mí láṣọ, ẹ sì ń bọ́ aṣọ náà lára ọmọ tó sọ òtítọ́ fún mi nígbà tí gbogbo yín ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run tí a jọ ń sìn kọ̀ ọ́ fún ẹlẹ́ṣẹ̀ láti gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lé aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lórí. Bí ẹ bá ń bá mi gbé e lé e lórí, ẹ kò ràn mí lọ́wọ́. Ẹ kàn ń fi kún ohun tí n óò dáhùn fún ni, kò sì pẹ́ mọ́ tí n óò lọ dáhùn.

16. Ẹ tún gbọ́ èyí. Láti ìgbà tí ẹ ti yọ Latifah, kò sí ẹni tó yẹ ògiri náà wò ní ọjọ́ Àìkú kankan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo bi Faiz iye ilẹ̀kùn tó ṣí. Ó ní méjì tuntun ti kún un. Alága ní kí òun ṣí ọ̀kan kí wọ́n lè máa wo kámẹ́rà gbọ̀ngán láti ilé wọn. Èkejì, òun kò rántí ìdí rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn kan kò bá ní ìdí tí ènìyàn lè rántí, mo rò pé a ti rí ẹni tí yóò lò ó ṣáájú wa.

17. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

(a) Kí ẹ wọ́gi lé ìdájọ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, kí ẹnu tó kà á lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ náà sì ka ìwọ́gilé rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀túnla, pẹ̀lú orúkọ mi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jẹ̀bi.

(b) Kí ẹ kọ ìwé ìjẹ́rìí tuntun sí ilé-iṣẹ́ náà kí ọjọ́ kọkànlélógún tó pé. Ẹ sọ níbẹ̀ pé Latifah kọ̀ láti ṣí ilẹ̀kùn náà, pé ó tì í nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣí i, àti pé a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó tì í. N kò mọ ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ fún ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ilẹ̀kùn fún ènìyàn.

(d) Kí ẹ gba ìwé ìsìnkú lọ́wọ́ mi, kí ẹ fún ẹni tó lè rántí ọ̀rọ̀ ìwọlé gígùn.

(e) Kí ẹ ti ilẹ̀kùn méjì tí mo mẹ́nu bà lókè lónìí. Láti ìsinsìnyí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí a ṣí ilẹ̀kùn sáfà nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ tàbí oyè rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀: ìdí rẹ̀, ẹni tí a ṣí i fún, àti ọjọ́ tí a óò tì í padà. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ni yóò sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún.

18. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí bí ìhàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án kì í ṣe àkókò tí a fi ń dúró de ìpàdé. Mo ti kọ lẹ́tà tèmi sí ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò tíì fi í ránṣẹ́. Ẹ̀dà rẹ̀ wà pẹ̀lú ìwé yìí, pẹ̀lú ìròyìn Ìyáàfin Juliana àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí èmi àti Latifah kọ sí ara wa. Bí n kò bá rí èsì yín di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun n óò wọ bọ́ọ̀sì, n óò sì fi ọwọ́ ara mi gbé e fún wọn. Latifah kò mọ̀ pé mo ti kọ ọ́. Bí ó bá mọ̀, yóò bẹ̀ mí pé kí n má lọ, n óò sì lọ. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ ṣáájú mi débẹ̀. Ẹ bá mi wí ní gbangba bí a ti ń bá ẹni tó ṣẹ̀ wí, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà wọlé síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, ẹni tí ẹ̀bi tọ́ sí,

Alhaji Ṣàmsúdéènì Odùkálẹ̀,
Olùtọ́jú Ìwé Orúkọ Ìsìnkú Ẹgbẹ́.